MGB 1967 tó ń kú lójú ọ̀nà márosẹ̀: wáyà kan nínú dísíríbútọ̀, àti rótọ̀ tuntun tí iná ń gba inú rẹ̀ jò

Ọkọ̀ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí ni MGB tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, tí wọ́n ṣe ní Abingdon, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1967. Ẹ́ńjìnnì B-series 1798 cc ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú káábúrétọ̀ SU méjì, dísíríbútọ̀ Lucas 25D4 (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì), àti bátìrì fólítì 6 méjì tí wọ́n so pọ̀ sẹ́yìn ìjókòó. Pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara irin ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún MGB títí di ìparí ọdún 1967. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó kan bí a ṣe ń so kọ́ìlì (ẹ̀rọ tó ń sọ iná fólítì 12 di iná ńlá fún plọ́ọ̀gì) àti bí a ṣe ń di mítà mú. Àwọn MGB tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, nẹ́gétíìfù ló wà lára irin tiwọn bíi ti ọkọ̀ ìgbàlódé.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń hùwà

Láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ọkọ̀ náà máa ń sítáàtì wẹ́rẹ́. Á rìn nínú ìlú fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, á dúró níbi iná ojú pópó, á tún gbéra, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ìgbà tó bá bọ́ sórí ọ̀nà márosẹ̀ ni wàhálà ń dé. Tí eré rẹ̀ bá ti tó máìlì 55 ní wákàtí kan, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ sì wà lórí tọ́tùlù fẹ́rẹ́fẹ́, á jẹ́ẹ̀kì lẹ́ẹ̀kan, á tún jẹ́ẹ̀kì, á wá kú fin-ín. Awakọ̀ á wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dúró fún bí ogún ìṣẹ́jú kó lè tutù. Tó bá padà sítáàtì rẹ̀, ọkọ̀ á jẹ́ lójú ẹsẹ̀, àfi bíi pé nǹkankan ò ṣe é rí.

Kí ọkọ̀ náà tó dé ọwọ́ wa, oníọkọ̀ ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wáyà plọ́ọ̀gì, ìdérí dísíríbútọ̀, rótọ̀ (apá tó ń yí lábẹ́ ìdérí láti pín iná), kọ́ńtáàtì (ojú irin méjì tó ń pa dé, tó ń ṣí, láti gé iná kọ́ìlì), kọ́ńdẹ́ńsà (tí kì í jẹ́ kí iná jó kọ́ńtáàtì) àti kọ́ìlì, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwà ọkọ̀ kò yí padà. Ó ti wá ń gbèrò àtira pọ́ńpù epo báyìí, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ooru ń jẹ́ kí epo hó nínú páìpù.

Ooru ni gbogbo ẹni tó gbọ́ ìtàn yìí kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó sì rọrùn láti gbà, torí ọkọ̀ tó tutù ń ṣiṣẹ́, èyí tó ti rin ìrìn ìdajì wákàtí ń kú, èyí tó sinmi tún ń jí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi oníọkọ̀. A bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tó bá kú yẹn, ṣé ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ wò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kó tutù?" Ó ní rárá o, àwọn máa ń jẹ́ kó sinmi ná. Ó ṣe é wò nígbà tó tún kú. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó dúró tó fi sítáàtì, ọkọ̀ sì jẹ́. Irin kì í gbóná fún ìdajì wákàtí kó tutù láàárín ìṣẹ́jú kan. A yọ ooru kúrò nínú ẹ̀sùn ìkíní yìí, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀ nínú ìlú, tó sì ń parí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró.

Ohun tí aago RPM sọ

MGB ọdún yìí ní aago RPM Smiths tí wáyà funfun tó ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ìlù iná tó ń lọ sí kọ́ìlì ni aago náà ń kà. Ìwúlò rẹ̀ fún ẹni tó ń wá àrùn kò kéré: tí ọkọ̀ bá jẹ́ẹ̀kì nígbà tó ṣì wà nínú jíà, táyà ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì, kí ojú wà lára ọwọ́ aago. Tí ọwọ́ aago bá já lulẹ̀ sí òdo nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, a jẹ́ pé iná fólítì 12 ló gé, láti kọ́kọ́rọ́ títí dé kọ́ńtáàtì. Tí ọwọ́ aago bá dúró ṣinṣin tí ọkọ̀ sì ń jẹ́ẹ̀kì, iná kékeré, ìyẹn ti fólítì 12, ń lọ dáadáa nìyẹn. Ibi tó kù láti wò ni iná ńlá, ìyẹn ẹnu kọ́ìlì, rótọ̀, ìdérí, wáyà plọ́ọ̀gì àti plọ́ọ̀gì, tàbí kó jẹ́ epo.

Lórí ọkọ̀ yìí, ní gbogbo ìgbà tó jẹ́ẹ̀kì, ọwọ́ aago já sí òdo, ó tún fò padà sókè. Ìyẹn nìkan ti fi pọ́ńpù epo sílẹ̀ lómìnira. A ṣì tú páìpù epo níbi káábúrétọ̀, a tì í sínú agolo, a tan kọ́kọ́rọ́: pọ́ńpù SU tó wà lẹ́yìn ń dún tìkì-tìkì, epo ń tú jáde gbuuru láìdáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ epo parí síbẹ̀.

Fólítì tó ń sọ nù

Wáyà funfun tó ń lọ sí kọ́ìlì lára MGB yìí kò gba fíúùsì kankan kọjá, nítorí náà ẹni tó bá jẹ́ kó kan ara irin nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí lè jó okùn wáyà ọkọ̀ látòkè délẹ̀. Kí ọwọ́ wà níwọ̀n. Bákan náà, tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lórí tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, tí kọ́ńtáàtì sì pa dé, kọ́ìlì ń gbóná. Ẹ wọn ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n, kí ẹ pa kọ́kọ́rọ́.

A yí ẹ́ńjìnnì títí kọ́ńtáàtì fi pa dé, a tan kọ́kọ́rọ́. Wáyà pupa mítà lọ sára irin ẹ́ńjìnnì, wáyà dúdú ni a fi ń tọ́ ibi tí a fẹ́ wọ̀n, nítorí pé pọ́sítíìfù ni ara irin ọkọ̀ yìí.

Bátìrì mú fólítì 12.3. Lẹ́nu kọ́ìlì níbi tí wáyà funfun wọlé, a rí 11.9, fólítì 0.4 tó sọ nù gba inú kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìn aago RPM àti gbogbo ìsopọ̀ ojú ọ̀nà kò tó ohun tí à ń bínú sí lára ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó yìí. Ẹnu kejì kọ́ìlì, níbi tí wáyà funfun onílà dúdú ti jáde lọ sí dísíríbútọ̀, ni ọ̀rọ̀ wà. Tí kọ́ńtáàtì bá pa dé, ẹnu yìí gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òdo, 0.1 sí 0.2 kò burú. Ti ọkọ̀ yìí mú 0.9.

Fólítì 0.9 lè dà bí ohun kékeré. Ẹ wò ó báyìí: kọ́ìlì náà ní óòmù (ìwọ̀n ìdíwọ́ iná) 3.2 nínú, iná tó ń gbà á kọjá jẹ́ nǹkan bí ámípíà 3.4. Kí fólítì 0.9 tó lè sọ nù lórí iná tó tó bẹ́ẹ̀, ohun kan nínú dísíríbútọ̀ ń dí ọ̀nà pẹ̀lú bí óòmù ìdámẹ́rin. Wáyà tó gùn tó ìka ọwọ́ kò gbọdọ̀ ní ìdákan-nínú-mẹ́wàá ìyẹn.

A wá wọ̀n ọ́n ní ìpele ìpele, mítà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ohun kọ̀ọ̀kan. Láti etí irin tí wáyà kọ́ìlì ń wọ̀ lára dísíríbútọ̀ títí dé sípíríǹgì kọ́ńtáàtì: 0.75. Ojú kọ́ńtáàtì sí ojú kejì rẹ̀: 0.08. Láti àwo irin tí kọ́ńtáàtì jókòó lé dé ara dísíríbútọ̀: 0.04. Láti ara dísíríbútọ̀ dé ara ẹ́ńjìnnì: 0.02. Ọ̀daràn kò ní ibì kankan tí yóò sá sí mọ́. Wáyà kékeré tó lọ láti etí irin ẹ̀gbẹ́ dísíríbútọ̀ sí kọ́ńtáàtì ni.

Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ nìkan

Lára 25D4, àwo irin méjì ló wà lábẹ́ kọ́ńtáàtì. Ti ìsàlẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ti òkè, tí kọ́ńtáàtì wà lórí rẹ̀, ń yí díẹ̀. Agolo fákúùmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíríbútọ̀, èyí tí ìfà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì ń mú ṣiṣẹ́, ló ń fà á. Páìpù tín-ín-rín kan wá láti ara káábúrétọ̀, ó gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá wá sí apá ọ̀tún níbi tí dísíríbútọ̀ wà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹsẹ̀ lórí tọ́tùlù, ihò páìpù yìí wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn káábúrétọ̀, kò fa nǹkankan. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ tọ́tùlù dé ìsàlẹ̀, kò fà náà. Ìgbà tó ń fà jù ni ìgbà tí tọ́tùlù ṣí díẹ̀, tí ọkọ̀ ń yọ̀ lọ lórí ọ̀nà tó tẹ́jú. Nígbà náà ni àwo òkè ń yí, tí iná plọ́ọ̀gì sì ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó ń mú kí epo jó dáadáa.

Gbogbo ìgbà tí àwo náà bá yí ni wáyà kékeré yẹn ń tẹ̀. Láti 1967 ló ti ń tẹ̀. Okùn kòpà inú rẹ̀ á já lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìbòrí, níbi tó ń tẹ̀ jù, ìbòrí á sì dúró pé pérépéré bíi pé kò sí nǹkan. Ẹni tó kàn fi ojú wò ó kò ní rí i. Kò sì sí nínú páálí tí wọ́n ń kó kọ́ńtáàtì, kọ́ńdẹ́ńsà àti rótọ̀ tà. Ìdí nìyẹn tí oníọkọ̀ fi pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà nítòsí rẹ̀ tí òun nìkan ṣẹ́kù.

Ìdánwò tó fi í hàn gbangba rọrùn, ó kàn ní ohun kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́. Tí àwo òkè bá yí, ó ń yí lòdì sí ibi tí rótọ̀ ń yí sí, nítorí náà ó lè ṣí kọ́ńtáàtì fúnra rẹ̀ tó bá jẹ́ pé kọ́ńtáàtì ti fẹ́ ṣí tẹ́lẹ̀. Mítà á fò sókè, ẹ ó ní ẹ ti rí àrùn, kò sì sí àrùn kankan níbẹ̀. Kí ẹ yí ẹ́ńjìnnì títí kọ́ńtáàtì yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa dé, kí ẹ dúró síbẹ̀. Nǹkan bí dígírì 60 ni rótọ̀ fi ń yí kí kọ́ńtáàtì tó tún ṣí, àwo fákúùmù kò sì ní yí ju bí dígírì 10 lọ, àyè wà dáadáa.

A fi rọ́bà mímọ́ sẹ́nu agolo fákúùmù, a tan kọ́kọ́rọ́, a fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwo òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú wa. Mítà kúrò ní 0.9, ó di 1.6, ó gbọ̀n, ó fò sí 12.3. Kọ́ńtáàtì ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn típẹ́típẹ́. A jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà, àwo padà sáyè, mítà padà sí 0.9. A tún un ṣe, bákan náà ló rí. Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀: fákúùmù ń fa àwo, wáyà ń ya, iná ń gé. Ẹ́ńjìnnì á kú, fákúùmù á kúrò, àwo á padà, wáyà á tún kanra. Ogún ìṣẹ́jú tí awakọ̀ ń dúró kò wò ó sàn rárá. Ìdajì wákàtí tó sì ń rìn kó tó kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru; bẹ́ẹ̀ ni ilé rẹ̀ ṣe jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀ tó.

Nígbà tí a yọ wáyà náà tí a la ìbòrí rẹ̀, okùn kòpà mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù láìjá, wọ́n sì ti dúdú.

Bí a ṣe tún un ṣe

Wáyà tí a fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀pọ̀ okùn kòpà tín-ín-rín gan-an, kí ìbòrí rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà sílíkónì tó rọ̀. Wáyà iná ilé kò dára fún un, wáyà lile tó nípọn kò dára: á dí àwo lọ́wọ́ láti yí, á sì tún já láìpẹ́. Ẹ wọn gígùn ti àtijọ́, kí ẹ fi bí mílímítà 10 kún un kó lè ní àyè láti ká. Ẹ fún ojú irin pa mọ́ orí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ jó sọ́dà sí i, kó kéré, kó má sì wọnú wáyà kọjá ibi ojú irin. Ibi tí sọ́dà bá parí sí nínú wáyà ló máa ń gan, ibẹ̀ náà ni yóò ti já.

Wáyà áàtì kékeré tó so àwo mọ́ ara dísíríbútọ̀ kò tíì bàjẹ́, 0.04 ló mú. Síbẹ̀ a pààrọ̀ òun náà. Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ ní, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, dísíríbútọ̀ sì ti wà lórí tábìlì.

Ibi tí èèyàn ti sábà ń ṣi iṣẹ́ yìí ṣe ni òpó kékeré tí sípíríǹgì kọ́ńtáàtì ń jókòó lé. Ojú wáyà kọ́ńtáàtì àti ojú wáyà kọ́ńdẹ́ńsà gbọ́dọ̀ kan sípíríǹgì, wọn kò sì gbọdọ̀ kan òpó irin tàbí nọ́ọ̀tì tó wà lórí rẹ̀. Rọ́bà náílọ́nì kékeré tó dà bíi fìlà ló ń pín wọn níyà. Tí ojú wáyà bá bọ́ sí òkè rọ́bà yìí dípò abẹ́ rẹ̀, gbogbo iná ti lọ sára irin, ẹ́ńjìnnì kò ní sítáàtì láé. Kí ẹ tó dé e, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, ẹ ki páálí kékeré sáàárín kọ́ńtáàtì, kí ẹ fi mítà wò ó bóyá iná lè gba etí irin dísíríbútọ̀ lọ sára irin. Kò gbọdọ̀ lọ.

A to ojú kọ́ńtáàtì sí ínṣì 0.015 (àyè tí ìwé gbà ni 0.014 sí 0.016), nígbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà ní ṣóńṣó káàmù (irin onígun tó ń yí láti ṣí kọ́ńtáàtì). Gírísì tó kéré bí orí ìṣáná sára káàmù, epo ẹ́ńjìnnì kán méjì sórí síkúrúù tó wà lábẹ́ rótọ̀, kán kan sí ìdí òpó kọ́ńtáàtì. Tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fọ́n sójú kọ́ńtáàtì, á jó, á di ẹ̀gbin dúdú.

Nígbà tí a tún un wọ̀n, fólítì tó sọ nù láti ẹnu kọ́ìlì dé ara irin ti di 0.14. A fi ẹnu fa agolo fákúùmù, mítà kò mì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ

Ọkọ̀ náà kò kú mọ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, tó ń gun òkè nínú jíà kẹrin pẹ̀lú tọ́tùlù títẹ̀, ó ń jẹ́ẹ̀kì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Irú jẹ́ẹ̀kì mìíràn ni èyí. Aago RPM dúró gbọnyin, kò fò, kò já. Ó túmọ̀ sí pé iná ńlá ló kù láti wò. Àrùn yìí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó tóbi ló bò ó mọ́lẹ̀.

Kọ́ìlì la kọ́kọ́ wò. Óòmù rẹ̀ dára, irú rẹ̀ náà dára: kọ́ìlì óòmù mẹ́ta tí kò lo rẹsísítọ̀ ni MGB yìí ń fẹ́. Kọ́ìlì óòmù 1.5 tí wọ́n ń lò lára àwọn MGB tó jáde lẹ́yìn, tó ń bá wáyà rẹsísítọ̀ rìn, yóò gbé iná tó ìlọ́po méjì lórí ọkọ̀ yìí, á gbóná, á sì jó kọ́ńtáàtì. Ohun tí kò dára ni bí wọ́n ṣe so ó. Lára kọ́ìlì àtijọ́, SW àti CB ni wọ́n kọ sẹ́nu rẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣì í so. Lára tuntun, + àti − ni. Oníọkọ̀ ti so wáyà funfun tó ti kọ́kọ́rọ́ wá mọ́ +, bí gbogbo ìwé tó ń sọ nípa ọkọ̀ ìgbàlódé ṣe sọ. Lórí ọkọ̀ tí pọ́sítíìfù wà lára irin rẹ̀, − ni wáyà funfun ń lọ, + sì ni wáyà funfun onílà dúdú tó ń lọ sí dísíríbútọ̀.

Tí wọ́n bá ṣì í so, ọkọ̀ ṣì máa ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn fura. Ìyàtọ̀ wà ní ẹnu plọ́ọ̀gì. Irin àárín plọ́ọ̀gì máa ń gbóná ju irin ẹ̀gbẹ́ lọ, ó sì rọrùn fún iná láti fò kúrò lára irin tó gbóná ju èyí tó tutù lọ. Kọ́ìlì tí wọ́n so dáadáa ń jẹ́ kí iná ti àárín fò. Èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀ ń béèrè fólítì púpọ̀ sí i kó tó lè fò, fólítì tó pọ̀ sì máa ń wá ibòmíràn gbà. A yí i padà. Jẹ́ẹ̀kì náà dínkù, kò lọ.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gun òkè, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ló ń wọ sílíńdà, wọ́n sì ń fún un pọ̀ kíkankíkan. Iná ṣòro láti fò láàárín afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àrùn iná ńlá fi máa ń jáde lórí òkè tí kì í jáde ní ìdúró. Bí ibì kan bá wà tó rọrùn ju ẹnu plọ́ọ̀gì lọ, ibẹ̀ ni iná ń gbà.

Rótọ̀ tuntun la fura sí, kì í sì í ṣe pé a kàn ń méfò. Lára rótọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri lóde òní, rífẹ́ẹ̀tì ló di irin òkè rẹ̀ mú. Rífẹ́ẹ̀tì yẹn sọ̀ kalẹ̀ sínú bakeláìtì, nígbà mìíràn ó sọ̀ kalẹ̀ jù, tó fi jẹ́ pé ìbòrí tín-ín-rín ló kù láàárín òun àti òpó irin tó wà nísàlẹ̀. Ooru ń mú kí ìbòrí náà rẹ̀ sí i.

Bí a ṣe ń dán an wò nìyí. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú jíà, epo tó dà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sí nítòsí, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ kan irin kankan, nítorí iná yìí ń gbá èèyàn gidi. Ẹ yọ ìdérí dísíríbútọ̀, ẹ fi rótọ̀ sílẹ̀ láyè rẹ̀. Ẹ fi pláyà tó ní rọ́bà di wáyà àárín tó ti kọ́ìlì wá mú, kí ẹnu rẹ̀ wà ní mílímítà 3 sí irin òkè rótọ̀. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì kí kọ́ńtáàtì pa dé, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi síkúrúdíráfà onírọ́bà ṣí kọ́ńtáàtì pẹ́ẹ́. Rótọ̀ kò kan ibì kankan, nítorí náà iná kò ní ibi tí yóò lọ. Kò gbọdọ̀ sí sípáàkì. Èyí tó tín-ín-rín lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Tí sípáàkì tó nípọn bá ń fò ní gbogbo ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí, inú rótọ̀ ló ń gbà lọ sára òpó irin.

Nígbà tí rótọ̀ tuntun yìí tutù, kò sí nǹkankan. A wa ọkọ̀ náà títí ó fi gbóná, a ṣí i lójú ẹsẹ̀, a tún un dán wò. Sípáàkì ń fò, tààà, tààà, ní gbogbo ìgbà. Níbí ni ooru ti jẹ̀bi lóòótọ́. Ẹni tó bá dán an wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ohun gbogbo ti tutù, yóò búra pé rótọ̀ náà pé.

Rótọ̀ àtijọ́ tó bá ọkọ̀ náà wá ṣì wà nínú páálí lẹ́yìn ọkọ̀. A nù ún, a dán an wò nígbà tó gbóná, kò jò. A dá a padà sípò. Rótọ̀ pupa tí kò ní rífẹ́ẹ̀tì wà lọ́jà, òun ni a ní kí oníọkọ̀ rà fún ìgbà tí èyí bá gbó.

Kọ́ńdẹ́ńsà tí a kò pààrọ̀

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé kọ́ńdẹ́ńsà ni, kí wọ́n tó wo ohunkóhun, nítorí àwọn tuntun kò ní orúkọ rere. Èyí tó wà lára ọkọ̀ yìí mú máíkrófárádì 0.22, inú àyè 0.18 sí 0.24 tó yẹ, gbígbóná àti tútù. Mítà nìkan kò tó láti dá a láre, nítorí fólítì kékeré ni mítà fi ń wọ̀n ọ́n, kọ́ńdẹ́ńsà sì lè máa jò nígbà tí fólítì bá pọ̀. Ohun tó dá a láre ni ojú kọ́ńtáàtì: ó mọ́, ó ní àwọ̀ eérú, kò sí òkìtì lójú kan àti kòtò lójú kejì. Iná tó ń tàn láàárín kọ́ńtáàtì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kéré, ó sì jẹ́ búlúù. Tí kọ́ńdẹ́ńsà bá ti ń kú, iná yẹn á tóbi, á ní àwọ̀ yẹ́lò, kọ́ńtáàtì á sì jó láàárín máìlì díẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń fura sí tirẹ̀ kò nílò láti tú dísíríbútọ̀. Kó so kọ́ńdẹ́ńsà mìíràn tó dá a lójú mọ́ ẹnu kọ́ìlì tó lọ sí dísíríbútọ̀, kó fi síkúrúù di ara rẹ̀ mọ́ irin, kó wa ọkọ̀ náà lọ. Bí kọ́ńdẹ́ńsà inú bá ti gé, ti ìta á gba iṣẹ́ ṣe. Bí ó bá ń jò sára irin, àfi kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ kúrò kí ti ìta tó lè wúlò.

Wọ́n dá a lábàá láti yọ kọ́ńtáàtì kúrò pátápátá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníkì sí i. Kò burú, bí wọ́n bá ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí pọ́sítíìfù wà lára irin rẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lórí àwo kan náà, rótọ̀ kan náà ni yóò sì máa lò. Kò sí ìkankan nínú àrùn méjèèjì tí ọkọ̀ yìí ní tó máa ń sá fún ẹ̀rọ.

Táímìnìn àti bí a ṣe fi sílẹ̀

Gbogbo ìgbà tí ojú kọ́ńtáàtì bá yí padà ni táímìnìn, ìyẹn àkókò tí iná plọ́ọ̀gì ń fò, ń yí, nítorí náà òun ló gbẹ̀yìn. Sílíńdà kìíní ni èyí tó wà níwájú, lọ́dọ̀ rédíétọ̀. Rótọ̀ ń yí lòdì sí ọwọ́ aago, ètò iná sì ni 1-3-4-2. A fi ọkọ̀ sí jíà kẹrin, a tì í díẹ̀díẹ̀ títí àmì ara púlì fi dé dígírì 10 kí písítìn tó dé òkè. Níbẹ̀ ni kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Gílóòbù kékeré kan láàárín ẹnu kọ́ìlì tó lọ sí dísíríbútọ̀ àti ara irin máa ń fi í hàn, ó máa tàn ní àkókò tí kọ́ńtáàtì bá ṣí. Àtúnṣe tó kéré, ẹ lo ohun róbótó kékeré onílà tí a ń fọwọ́ yí, tó wà lẹ́bàá agolo fákúùmù: yíyí rẹ̀ síhà lẹ́tà A ń mú iná yá, síhà lẹ́tà R ń fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà a fi iná táímìnìn wò ó, pẹ̀lú páìpù fákúùmù ní yíyọ: dígírì 14 ní RPM 600.

Plọ́ọ̀gì N9Y wà ní ínṣì 0.025. Mítà dúẹ́ẹ̀lì, tó ń wọn iye dígírì tí kọ́ńtáàtì fi ń pa dé, mú dígírì 60, ó sì dúró síbẹ̀ láti RPM 600 títí dé 3000, èyí tó fi hàn pé òpó dísíríbútọ̀ kò tíì jẹ. Agolo fákúùmù di afẹ́fẹ́ mú láìjò. Wọ́n wa ọkọ̀ náà lórí ọ̀nà márosẹ̀ fún wákàtí kan, wọ́n sì gun òkè tó ti ń jẹ́ẹ̀kì tẹ́lẹ̀ nígbà tó gbóná. Kò ṣe nǹkankan.

Gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì tuntun máa ń jẹ díẹ̀ kó tó fara mọ́ káàmù, àyè rẹ̀ á sì fún. Nígbà tó bá rìn máìlì 500, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n dá a padà sí 0.015, kí wọ́n sì tún wo táímìnìn.